Màmá mi ń gba oògùn ìrora láti inú iṣan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ṣé mo lè bá wọn tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ náà?

Àbẹ̀kẹ́ béèrè pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, pàápàá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa. Àná ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Ikùn ni wọ́n là, wọ́n gé ibì kan kúrò nínú ìfun wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó yọrí sí rere. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, wọn ò sì sanra rárá.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kọ́ sára irin tí wọ́n ń fi omi kọ́. Sìríǹjì ńlá kan wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í pa. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ibẹ̀, ó lọ wọ inú kánúlà, ìyẹn rọ́bà kékeré tí wọ́n kì bọ inú iṣan, tó wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì wọn. Wáyà mìíràn tún wà tó ní bọ́tìnì lórí, òun ni wọ́n fi lé màmá lọ́wọ́. Mọ́fíìnì ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tí ìrora bá ti ń bọ̀ kí màmá tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án. Kò ráyè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Màmá mi kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí mo bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní ó ṣì ṣe é fara dà, pé àwọn ò fẹ́ kí oògùn di bárakú sí àwọn lára. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á sùn lọ, wọ́n á wá máa kérora lójú oorun, wọ́n á fajú ro. Ó ń ṣe mí bíi kí n máa bá wọn tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ti sùn, kí ìrora má baà jí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ní kí n tẹ̀ ẹ́, pé kí ni ọmọ wà fún. Ṣé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́? Èmi ni mo máa sùn tì wọ́n lálẹ́ òní.

Bàbá Ìdòwú fèsì:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run á jẹ́ kí ara wọ́n yá. Wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yẹn fún èmi náà nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún mi. Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ jàre. Ẹ̀rọ yẹn máa ń ti ara ẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti fún èèyàn lóògùn. Bí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ro yín, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa dá yín lóhùn. Kò lè pọ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì Òru fèsì:

Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ yín ni, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bàbá Ìdòwú, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún wọn, òótọ́ sì ni pé ẹ̀rọ náà máa ń ti ara ẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ibi tí ewu wà kọ́ nìyẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé ni mò ń tọ́jú, òru ni mo sì máa ń sábà wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ̀rọ yẹn mọ ìṣẹ́jú, ó mọ mìlígíráàmù. Kò mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n so ó mọ́ ń mí. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, mìlígíráàmù 1 mọ́fíìnì ni wọ́n máa ń ní kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì ti ara ẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 kó tó lè fún wọn ní òmíràn. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n fi sí, tí ẹnì kan tí ojú ẹ̀ dá ṣáká wá jókòó tì í, tó ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣí, mìlígíráàmù 12 lè wọlé láàárín wákàtí kan. Fún ìyá ẹni ọdún 68 tí kò sanra, tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò, ìyẹn tó ohun tó lè gbẹ̀mí. Mọ́fíìnì tó gba inú iṣan wọlé kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí agbára rẹ̀ tó dé góńgó. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó sùn ṣì ń gorí lọ nígbà tí ẹ bá ń ronú àtitẹ òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ààbò ẹ̀rọ yẹn jẹ́ gan-an. Oorun màmá yín ni. Bí mọ́fíìnì bá ti fẹ́ pọ̀ jù nínú ara, oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kun èèyàn kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹni tí oorun bá ti kùn, ọwọ́ ẹ̀ á dẹ̀, kò ní lè tẹ bọ́tìnì mọ́. Oògùn á wá máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi tún jí. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá ti ń bá a tẹ̀ ẹ́, ààbò yẹn ti yọ dànù nìyẹn. Torí ẹ̀ ni Joint Commission, àjọ tó ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, ṣe kọ̀wé ìkìlọ̀ síta lọ́dún 2004 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé kí ẹbí àti òṣìṣẹ́ yé bá aláìsàn tẹ bọ́tìnì. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é.

Ní ti kíkérora lójú oorun: ẹ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, kí ẹ pe orúkọ wọn. Tí wọ́n bá lajú, tí wọ́n dá yín lóhùn tó já gaara, ẹ bi wọ́n pé láti òdo dé 10, èló ni ìrora náà. Tó bá ga, àwọn fúnra wọn á tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi bọ́tìnì náà sí wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá lajú tán tí wọ́n tún sùn lọ bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Tí ẹ bá pè wọ́n tí wọn ò dáhùn, ẹ kígbe pè é, ẹ má ní ẹ fẹ́ dúró wò ó.

Lóru òní, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ máa wo àyà wọn. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ wò ó bó ṣe ń gbéra sókè tó ń padà sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa kà á. Bí kò bá tó 10, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí kò bá tó 8, pàjáwìrì ni. Ẹ tún fetí sí bí wọ́n ṣe ń hanrun: tí wọ́n bá hanrun, tó dákẹ́ lọ gbári fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n wá mí kanlẹ̀ lójijì, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Ètè tó ń dúdú tàbí tó rí bí eérú, ẹ má fi ṣeré. Ohun kékeré tó máa ń fún ìka mọ́ tó ń fi iye ọ́síjìn hàn, ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi ọ́síjìn sí wọn nímú, iye yẹn lè máa dára lójú nígbà tí èémí ti ń kéré. Ìdí tí mo ṣe ní kí ẹ máa ka àyà nìyẹn.

Oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, òun ni a máa ń fi ká mọ́fíìnì lọ́wọ́ kò bí èémí bá ti lọ sílẹ̀ jù. Kì í pẹ́ nínú ara, mọ́fíìnì lè ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ, torí náà ẹni tí a bá fún a ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Kí ìṣòro má tiẹ̀ débẹ̀ ló dára jù.

Ẹ wá bá mi sọ fún màmá pé dídi ìrora mọ́ra kì í ṣe akíkanjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn. Ẹni tí ikùn ń ro kì í fẹ́ mí kanlẹ̀, kì í fẹ́ wúkọ́, kì í fẹ́ dìde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè di òtútù àyà. Ẹ̀jẹ̀ náà lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tó kàn dùbúlẹ̀ gbalaja. Oògùn tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ojú abẹ, lábẹ́ ojú dókítà, ìyẹn yàtọ̀ sí kó di bárakú. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó jókòó tàbí kí wọ́n tó rìn, kí wọ́n sì di ìrọ̀rí mú mọ́ ikùn tí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́. Kí wọ́n má dúró dìgbà tí ìrora bá ti gùn wọ́n tán.

Àbẹ̀kẹ́ fèsì:

Ọlọ́run á bù kún yín, nọ́ọ̀sì wa. Mo ka èyí sí ẹ̀gbọ́n mi létí láti òkè dé ilẹ̀, òun náà ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín, nǹkan mélòó kan ló kù. Màmá máa ń lo oògùn oorun lálaalẹ́ nílé, ó wà nínú báàgì wọn, wọ́n sì ti ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún ń họ imú ṣáá láti àárọ̀. Wọ́n sì gbé ìgò kékeré kan kọ́ fún wọn lọ́sàn-án, wọ́n ní parasitámọ̀ ni. Ṣé mo ṣì lè fún wọn ní oníhóró tí ara wọn bá gbóná?

Nọ́ọ̀sì Òru fèsì:

Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Oògùn oorun yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ má fún wọn, ẹ mú páálí ẹ̀ lọ bá nọ́ọ̀sì nísinsìnyí. Oògùn oorun àti mọ́fíìnì, ọ̀kan ń ti èkejì lẹ́yìn ni, àwọn méjèèjì ló ń dín èémí kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lò ó lálaalẹ́, kò dáa kó kàn já a lójijì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí náà dókítà ló máa pinnu. Ẹ tún sọ fún wọn bí màmá bá ti máa ń hanrun gan-an nílé, pàápàá tí èémí wọn bá máa ń dá dúró lójú oorun. Ìyẹn lè mú kí wọ́n yí iye oògùn náà padà.

Mọ́fíìnì sábà máa ń mú kí imú àti ojú yún èèyàn, kò túmọ̀ sí pé ara wọn kọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà sọ fún nọ́ọ̀sì, oògùn wà fún un, oògùn wà fún èébì náà. Ṣùgbọ́n bí ara bá lé wúruwùru, tí ojú tàbí ètè wú, tàbí tí mímí ń ṣòro, kíákíá ni kí ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Parasitámọ̀ inú ìgò àti ti oníhóró, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ara, àpapọ̀ wọn ni à ń kà. Àgbàlagbà tó ju kílò 50 lọ kì í gba ju gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tí kò bá tó kílò 50, ìwọ̀n ara ẹ̀ la fi ń ṣírò ẹ̀, mìlígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ní màmá ò sanra. Torí náà ẹ má dá fún wọn ní hóró kan. Tí ara wọn bá gbóná, nọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ gbọ́, torí ara gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun lè ní ohun tó ń fà á.

Ẹ wo ibi tí kánúlà wà náà. Tó bá wú, tó pọ́n, tó ń ta wọ́n, tàbí tí omi ń yọ lábẹ́ bándéèjì, oògùn lè máa lọ sínú ẹran ara dípò inú iṣan. Màmá á tẹ bọ́tìnì títí, ìrora ò ní lọ.

Tèmítọ́pẹ́ fèsì:

Kí n fi ọ̀kan kún un. Kíndìnrín bàbá mi ò ṣiṣẹ́ dáadáa, dókítà tó ń fi oorun kunni ní tíátà ṣàlàyé fún wa pé kíndìnrín ló ń kó ohun tí mọ́fíìnì bá di nínú ara jáde, pé tí kò bá rí i kó jáde, á máa ṣẹ́ jọ, oorun á sì máa pọ̀ sí i. Fentanyl, oògùn ìrora mìíràn, ni wọ́n lò fún wọn. Ẹni tó bá ní àìsàn kíndìnrín, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó wọ tíátà.

Bàbá Ìdòwú fèsì:

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára láti tẹ bọ́tìnì ńkọ́, tàbí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ lójú?

Nọ́ọ̀sì Òru fèsì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, sà. Ẹ̀rọ yẹn ò yẹ irú wọn. Ẹni tí kò bá lè rántí ohun tí bọ́tìnì wà fún, tàbí tí ìka ẹ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó máa fún un lábẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti yẹ èémí àti oorun rẹ̀ wò. Wọ́n sì lè fi oògùn mú kí ojú abẹ náà kú tipiri. Kí ẹbí sọ fún dókítà pé ọwọ́ rẹ̀ ò ran bọ́tìnì, kí wọ́n má ṣe bá a tẹ̀ ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ fèsì:

Mo ti fi oògùn oorun yẹn lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, wọ́n pe dókítà, ó ní kí wọ́n má lò ó lálẹ́ òní, pé òun máa wá rí wọn láàárọ̀. Wọ́n yí kánúlà sí ọwọ́ ọ̀tún, torí ti òsì ti ń pọ́n díẹ̀. Màmá tẹ bọ́tìnì fúnra wọn kí wọ́n tó jókòó, wọ́n di ìrọ̀rí mú, wọ́n wúkọ́ dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èémí wọn tán, 14 ni.