Fídíò Ló Ṣáájú Wọn Wọ̀lú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Tèmi rèé.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2014 ni fídíò Shekau, olórí Boko Haram, dé orí fóònù mi ní Òṣogbo. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun lòun jí àwọn ọmọbìnrin Chibok gbé, òun á sì tà wọ́n lọ́jà. Ọmọ 276 ni wọ́n kó lọ lóru. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, síbẹ̀ mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lórí WhatsApp. Mo rò pé mò ń ké gbàjarè fún àwọn ọmọ yẹn ni. Iṣẹ́ Shekau gan-an ni mò ń bá a jẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ládùúgbò wa pé ọkùnrin náà ò lè kú. Ìròyìn ìjọba náà dá kún un. Wọ́n ní ó ti kú ní 2009, ó jáde nínú fídíò ní 2010. Wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 2013, wọ́n tún sọ ọ́ ní 2014. Wọ́n á sin ín lórí rédíò, á tún jí lórí fóònù. (Ènìyàn ni o. Ó padà kú ní 2021, àwọn tí wọ́n jọ ń jagun tẹ́lẹ̀ ló ká a mọ́ inú igbó Sambisa.)

Ìyá kan sá fún Boko Haram dé láti Mubi, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, lópin ọdún 2014 yẹn. Mo fẹ́ fi fídíò hàn án, ó yíjú. "Ọmọ mi, gbé e kúrò. Fídíò yẹn ló ṣáájú wọn wọ̀lú. A ò tíì gbọ́ ìró ìbọn tí ọjà ti tú. Ìgbà tí mo wá rí wọn lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ kéékèèké tó wọ sílípáàsì ni, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n."

Èyí tó dùn mí jù ni ti Mallam tó ń ta súyà lẹ́nu ọ̀nà wa. Láti kékeré mi ló ti ń gbé láàárín wa, ó mọ orúkọ gbogbo wa. Lẹ́yìn fídíò yẹn, mo ń wò ó bí ẹni tó di bọ́ǹbù mọ́nú. Mi ò ra súyà rẹ̀ mọ́, mi ò kí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, bọ́ǹbù bú ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kano lásìkò ìrun Jímọ̀, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Ẹ̀gbọ́n Mallam wà lára wọn.

Mo lọ bá a nídìí àtẹ rẹ̀, iná súyà ti kú. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó ní kí n jókòó, ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun.