Wọ́n ti ṣe implant fún mi o, ó ṣì wú, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó ti ṣe é rí ńkọ́?

BabaIbeji_Kubwa:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú àánú kà á, torí nínú Abuja yìí mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́, àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ la tún jọ ń gbé Kubwa, ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ níbí á ti dé ọ́fíìsì kílẹ̀ tó mọ́. Ṣúgà ni mo ní, ó ti pẹ́ lára mi, òun ni dókítà sọ pé ó ba iṣan àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí nǹkan ọmọkùnrin mi ò fi le mọ́. A bẹ̀rẹ̀ látorí oògùn oníhóró, ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nígbà tó yá kò ṣe nǹkan kan mọ́, wọ́n ní kí n máa gún abẹ́rẹ́ sí i lára, ìyẹn náà ò gbé e dúró, ìgbà yẹn ni dókítà ìtọ̀ wá ní ó ku implant, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ fi sínú nǹkan ọmọkùnrin kó lè máa le, èyí tó ní pọ́ńpù. Èmi àtìyàwó mi jọ sọ ọ́, a gbà, wọ́n ti ṣe é.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni pé ẹpọ̀n mi ṣì wú, àwọ̀ ẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, tí mo bá fọwọ́ wá pọ́ńpù yẹn nínú ẹ̀, ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ó tún dà bíi pé nǹkan náà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Nyanya ti gbé burantashi wá, ó ní kí n máa bù ú sórí suya jẹ, pé á jẹ́ kára mi tètè le. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́ báwo ló ṣe rí fún yín? Mùsùlùmí ni mí, ṣé mo lè forí kanlẹ̀ báyìí? Ìyàwó mi náà ò bèèrè nǹkan kan mọ́ látìgbà tá a ti délé, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

AlfaTudunWada:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ẹ kú ìnira. Kaduna lèmi wà, mo ti ṣe tèmi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ṣúgà náà ni. Wíwú yẹn, gbogbo wa ló ń wú. Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe náà, rọ́bà gígùn méjì ni wọ́n tì bọ inú nǹkan ọmọkùnrin, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, wọ́n gbé àpò omi sí ìsàlẹ̀ ikùn, wọ́n wá fi pọ́ńpù sínú ẹpọ̀n, wọ́n sì fi ọ̀nà tín-tìn-tín so gbogbo ẹ̀ pọ̀, ara wo ni wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní wú? Kì í ṣe nǹkan àjèjì o, láti 1973 ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ní pọ́ńpù ní Amẹ́ríkà.

Èmi, pátá tó dì mọ́ra ni mò ń wọ̀ tọ̀sántòru, mo sì ń gbé nǹkan náà kọjú sókè sí ìdodo bí dókítà ṣe sọ, mi ò jẹ́ kó máa dorí kodò. Mo ń fi aṣọ wé yìnyín kí n tó gbé e lé e, ẹ má gbé yìnyín lé ara lásán o. Àwọn ọmọ ló ń gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ̀rúwà, mi ò gbé nǹkan tó wúwo rárá, mi ò sì gun ọ̀kadà títí dókítà fi ní ó tó. Ní ti ìrun, orí àga ni mo jókòó sí kí i, aláìsàn ní àǹfààní yẹn nínú ẹ̀sìn, kò sídìí tẹ́ ẹ máa fi tẹ ikùn àti ojú abẹ mọ́lẹ̀.

Ti pé ó kúrú, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín torí àwọn kan kì í sọ ọ́: implant kì í fa nǹkan gùn. Ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n tó ṣe é náà ló ń gbé dúró, orí ẹ̀ náà lè má kún bíi ti ìgbà ọ̀dọ́. Wíwú náà sì tún ń gbé lára ẹ̀ mì, ẹ ò tíì lè mọ bó ṣe máa rí báyìí. Àmọ́ adùn ẹ̀ wà níbẹ̀, àtọ̀ á jáde tó bá ń jáde tẹ́lẹ̀, kò sì ní jáni kulẹ̀ láàárín iṣẹ́, ìyẹn gan-an lohun tí mo sunkún fún lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó máa ń lò ju ọdún 10 lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tó bá bàjẹ́, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀.

Noosi_Gwagwalada:
Ẹ kú ewu sà. Wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ìtọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Alfa ti sọ̀rọ̀, kí n fi díẹ̀ kún un. Burantashi yẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Èèpo igi ni, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru kí ọkàn sì máa sáré, kò sì ní iṣẹ́ kankan tó máa bá implant ṣe, omi tó wà nínú rọ́bà ló ń mú un le báyìí. Àwọn àgbo inú ike tí wọ́n ń tà ní gáréèjì náà, ẹ má fẹnu kàn án, wọ́n ti bá oògùn òyìnbó nínú òmíràn nínú wọn, ẹni tó bá ń lo oògùn ọkàn tó mu ún, ìfúnpá ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ẹ má fún pọ́ńpù fúnra yín o! Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń dúró kí dókítà tó kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ẹ́ máa ṣe é déédéé nílé kọ́wọ́ yín lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ni ibà, ọyún, ojú abẹ tó ń pọ́n sí i tàbí tó ń gbóná, ìrora tó ń le sí i dípò kó máa dín kù, tàbí kí awọ ẹpọ̀n lẹ̀ mọ́ pọ́ńpù tí kò fẹ́ yẹ̀ lórí ẹ̀. Tí kòkòrò bá wọ ara rọ́bà yẹn, oògùn nìkan kì í sábà kápá ẹ̀, wọ́n lè ní láti yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tá a fi ń pariwo ṣúgà sí yín létí, ẹ máa wọ̀n ọ́n, ẹ lo àǹtíbáyótíìkì yẹn tán. Ọjọ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n bá fẹ́ ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ yín níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ ní implant.

IyaAdunni_Jos:
Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló mú mi kọ̀wé. Ọkọ mi náà ṣe é, mo dákẹ́ bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe pé inú mi ò dùn, mò ń rò ó pé tí mo bá bèèrè, ó máa dà bíi pé mo ń kán an lójú, tí mi ò bá sì bèèrè, á rò pé mi ò bìkítà. Yàrá àwọn ọmọ ni mo lọ ń sùn torí ẹ̀rù ń bà mí kẹ́sẹ̀ mi má lọ gbá a lóru, òun wá rò pé mo ti kọ òun. Ẹ pè é, ẹ fi hàn án, ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó ń dùn yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kọ́ yín ní pọ́ńpù, ẹ jọ lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ rọra, ẹ ra jẹ́ẹ̀lì tó ń mú nǹkan yọ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ́ ọ lákọ̀tun.

SuleOffa:
Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, àbúrò mi tó jẹ́ SS, nǹkan tiẹ̀ máa ń dìde lóru kò ní fẹ́ wálẹ̀, ó ń dùn ún, ojú ń tì í láti sọ. Ṣé ó lè débi implant?

Noosi_Gwagwalada:
Ó lè débẹ̀ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ ń ba ẹran ibẹ̀ jẹ́. Tó bá ti dìde tó wákàtí 4 tí kò rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru náà, ẹ má dúró de àárọ̀. Èyí tó ń rọ̀ fúnra ẹ̀ náà, ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú SS ẹ̀.

BabaIbeji_Kubwa:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan. Ara mi ò gbóná, mo wọ̀n ọ́n, àmọ́ omi pípọ́n díẹ̀ ń jáde létí ojú abẹ, aṣọ pátá ń rẹ̀ sí i. Àpọ́íntìmẹ́ǹtì mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Noosi_Gwagwalada:
Má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ lọ́la.

BabaIbeji_Kubwa:
A ń lọ láàárọ̀. Mo fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ han ìyàwó mi, ti Ìyá Adùnní ló kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun máa tẹ̀ lé mi wọlé lọ bá dókítà.