“Ewu oyún” kọ́, “oògùn ìṣẹ́yún” kọ́: lórí orúkọ tó yẹ ìdènà oyún pàjáwìrì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìfètòsọ́mọbíbí ló bi wá léèrè ohun tí òun lè kọ sínú ìwé pélébé tí òun fẹ́ máa pín fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Ó fẹ́ mọ ohun tí a ó pe bí ó ti ṣeé ṣe tó kí obìnrin lóyún lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kan, ó sì fẹ́ mọ orúkọ tí a ó fún oògùn tí obìnrin náà lè lò kí oyún má bàa wáyé. Ìdáhùn mẹ́ta ni mo ti rí kà: “ewu oyún”, “oògùn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì” àti “oògùn ìṣẹ́yún kíákíá”. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a má gba ọ̀kankan nínú wọn.

“Ewu oyún” ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. “Ẹ kú ewu” ni a fi ń kí ìyálọ́mọ, nítorí ewu tó là kọjá láti ìgbà tó ti lóyún títí dé orí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lóyún, tó ń ronú bóyá òun lè lóyún, kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn obìnrin fúnra wọn máa ń bèèrè ni pé, “Ṣé oyún ò ní dúró báyìí?” Ẹ jẹ́ kí ìwé náà bá wọn bèèrè bẹ́ẹ̀, kó sì dá wọn lóhùn pé àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí wákàtí 120, nígbà tí ẹyin kì í lò ju wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹni tó ní ọkàn òun balẹ̀ nítorí pé ìbálòpọ̀ náà ti wáyé kí ẹyin tó jáde, àsìkò tí oyún rọrùn jù láti dúró gan-an ló ń sọ. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kò sì lè dènà ohunkóhun.

“Ìṣẹ́yún” ló ń dùn mí jù. Ohun tó ti wà ni a ń ṣẹ́. Oògùn levonorgestrel tí a ń wí yìí máa ń dá ẹyin dúró kó má tíì jáde, kí àtọ̀ má bàa bá a pàdé. Bí oyún bá ti dúró ṣáájú, kò lè ṣẹ́ ẹ. Ẹ rántí pé ọ̀daràn ni òfin Nàìjíríà ka ẹni tó bá ṣẹ́yún sí, àfi bí a bá fẹ́ fi dóòlà ẹ̀mí ìyá. Bí a bá wá fi orúkọ yẹn pe oògùn tí òfin kò kà léèwọ̀, ẹ̀rù yóò ba ọmọbìnrin tó nílò rẹ̀, ẹni tó ń tà á pàápàá lè lé e padà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “adáẹyindúró”, ọ̀rọ̀ náà sì wù mí gan-an, torí pé ó sọ iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe. Kìkì pé kò gba lúùpù oníbàbà mọ́ra. Lúùpù yìí, tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi sínú ilé ọmọ láàárín wákàtí 120, ló gbéṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àtọ̀ ló ń bá jà, kì í dá ẹyin dúró.

Ní ti “òwúrọ̀ ọjọ́ kejì”, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, àkókò ti kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀ ju òwúrọ̀ lọ, nítorí a máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ọjà ọlọ́rọọrún tí a ná lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni a tún ń ná an, síbẹ̀ ọrún ni a ń pè é. Bí ìbálòpọ̀ bá wáyé ní aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, tí ìwé wa sì ní kí obìnrin lo levonorgestrel “láàárín ọjọ́ mẹ́ta”, Sátidé ni yóò kà ṣe ọjọ́ kìíní, Mọ́ńdè yóò sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Bó bá jí ní Túsìdeé, yóò sọ pé ó ti bọ́, nígbà tó jẹ́ pé aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wákàtí 72 ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé. Nítorí náà, wákàtí ni kí a kọ, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́ bí àpẹẹrẹ, kí a sì fi kún un pé bí ó bá ṣe yá tó ni ó ṣe ń gbéṣẹ́ tó. Ulipristal, oògùn mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, tí hóró rẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 30, ṣeé lò títí di wákàtí 120.

“Ìdènà oyún pàjáwìrì” ni èmi fara mọ́. Àwọn kan ní pàjáwìrì yóò mú ọkàn lọ sí ìjàǹbá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń gbọ́ ọ lórí rédíò fún ohunkóhun tí kò gbọdọ̀ pẹ́. Lábẹ́ orúkọ gbogbogbòò yìí ni kí oògùn àti lúùpù wà. Kí a fi Postinor, orúkọ ọjà tí a fi ń ta levonorgestrel, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ọmọbìnrin máa ń rọra sọ lórí káńtà kẹ́mísì nìyẹn, nígbà tí àwọn oníbàárà mìíràn bá tò sẹ́yìn rẹ̀. A ò kàn gbọdọ̀ fi orúkọ ọjà kan rọ́pò orúkọ gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì kéré lójú. Hóró méjì ló wà nínú páálí Postinor-2, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlígíráàmù 0.75. Bí a bá kọ “ẹ̀ẹ̀mejì” níbi tó yẹ kí a kọ “méjì”, obìnrin lè fi hóró kejì sílẹ̀, kó sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ báyìí: “Lo hóró méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá bì í kí wákàtí méjì tó pé, lo hóró méjì mìíràn. Bí nǹkan oṣù rẹ bá fi ju ọjọ́ méje lọ pẹ́, lọ ṣe àyẹ̀wò oyún.”

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju “pàjáwìrì” lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá kí nọ́ọ̀sì náà tó tẹ ìwé rẹ̀.