Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ọmọ mi kọ nípa àwọ̀ rẹ̀ sínú àròkọ fọ́ọ̀mù yunifásítì?

Ìyá Dámi Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dámi wa, ọmọ ọdún 17, ń kọ fọ́ọ̀mù Common App lọ́wọ́, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wá àyè sí ọ̀pọ̀ yunifásítì. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 1 oṣù November, ibi tó kọ́kọ́ fẹ́ lọ kò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ó fẹ́ fi àròkọ rẹ̀ sọ bó ṣe rí láti jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà níbí. Bàbá rẹ̀ fárígá, ó ní ilé ẹjọ́ ti fòfin de ọ̀rọ̀ àwọ̀, pé ńṣe ni wọ́n á ju fọ́ọ̀mù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti àná. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọÌjẹ̀bú_MD
Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ọjọ́ 29 oṣù June 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ yunifásítì Harvard àti ti North Carolina. Ohun tí wọ́n fòfin dè ni kí yunifásítì máa wo àwọ̀ ọmọ gba ọmọ. Ibi tí ọmọ ti ń sàmì sí ẹ̀yà rẹ̀ ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù, àmọ́ ilé ìwé lè ní kí Common App bò ó lójú àwọn. Àròkọ kò sí nínú ìyẹn. John Roberts, olórí adájọ́ fúnra rẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n lè ka ohun tí ọmọ bá sọ nípa bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kan ìgbé ayé rẹ̀, kó ṣáà ti jẹ mọ́ ìwà rẹ̀ tàbí ohun tó lè ṣe.

Baba_Eleko
Adájọ́ yẹn kan náà ló kìlọ̀ pé kí wọ́n má gba inú àròkọ ṣe ohun tí òun ti ní kí wọ́n má ṣe. Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Èmi ò ní jẹ́ kí tèmi kọ ọ́. Kó kọ nípa bọ́ọ̀lù.

Tisa_Atlanta
Ẹ̀gbọ́n, àròkọ bọ́ọ̀lù náà ti sú wọn jàre! Mo máa ń bá àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa yẹ tiwọn wò. Èyí tó pọ̀ jù ń sọ pé "gẹ́gẹ́ bí aláwọ̀ dúdú, ojú mi ti rí nǹkan." Kí lojú rí? Kò sọ. Ọ̀rọ̀ 650 péré sì ni wọ́n fún un. Ọmọbìnrin kan wá kọ nípa ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ti ń dirun. Òun ló ń ya irun àtọwọ́dá sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwọn oníbàárà tí wọ́n dúdú bíi tiẹ̀ ń pè é ní "African", níléèwé "Black" ni, tó bá dé Ìbàdàn wọ́n á ní "òyìnbó" ti dé. Kò ṣàròyé rárá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Dámi, kí ló ṣẹlẹ̀ sí Dámi gan-an?

Ìyá Dámi Houston
Mo bi í lálẹ́ yìí. Ó ní nígbà tí òun tẹ̀lé bàbá òun lọ tún iná ṣe nílé oníbàárà kan, aládùúgbò kan pe ọlọ́pàá sí wọn. Bàbá rẹ̀ rọra fi ẹ̀mú sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó sì fi Yorùbá sọ fún un pé kó má mira. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó padà wọlé lọ parí iṣẹ́. Wọn ò sọ fún mi látọdún tó kọjá.

Baba_Eleko
Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kó kọ ọ́. Àmọ́ kó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ìtàn àwọn méjèèjì ni.

Ìyá Dámi Houston
Wọ́n wà ní gáréèjì báyìí. Mo ń gbóhùn wọn.