"Atọrùnwá" kọ́: ẹ jẹ́ ká wo "àṣìmọ̀lára"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Mushin.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe awọ ojú tó kú, tí kò mọ nǹkan lára dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìpalára ọrùn, ní "ẹ̀gbà ojú atọrùnwá" (ìyẹn, èyí tó ti ọrùn wá), mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. Ẹ̀yà ara tí kò lè mira mọ́ là ń pè ní ẹ̀gbà mú. Ọkọ̀ kan kọlu danfo tí àbúrò mi wọ̀ láti ẹ̀yìn ní Ìkòròdú Road, ọrùn rẹ̀ sì fì síwá sẹ́yìn. Títí dòní ó ń súfèé, ó ń jẹ ẹran, ó ń dijú. Àmọ́ abẹ onígbàjámọ̀ kọjá nísàlẹ̀ etí rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣé ẹ̀gbà nìyẹn?

"Atọrùnwá" gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Àwa mélòó ló ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Bí àmì bá ti bọ́, "àtọ̀runwá" ni wọn yóò kà. Ìyá tó bá rí i nínú ìwé dókítà yóò rò pé bí òun ṣe bí ọmọ òun nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ṣe é.

Ibi tí abẹ gbà yẹn, iṣan ọrùn kejì àti ìkẹta ló ni ín; iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ni mo ń wí, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹlẹ́ka mẹ́ta (trigeminal nerve) ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ojú: iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn okùn rẹ̀ tó ń gbé ìrora, ooru àti òtútù máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn lókè ọrùn, wọ́n á pàdé ti ọrùn níbẹ̀, kí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ tó gòkè lọ sí ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ọrùn fi lè dun èèyàn kó máa mọ̀ ọ́n níwájú orí.

Kì í sì í ṣe kíkú nìkan. Nígbà mìíràn á dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, tàbí kí aṣọ ìnujú lásán máa ta bí ata. "Àìmọ̀lára" ò lè kó ìyẹn. A ní àṣìgbọ́, a ní àṣìsọ; kí ló dé tí a ò ní ní "àṣìmọ̀lára"? Ká fi "àìmọ̀lára" sílẹ̀ fún ibi tó kú pátápátá, ká sì sọ ohun tó fà á ní gbólóhùn: àṣìmọ̀lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ látàrí ìpalára ọrùn.

"Igun àgbọ̀n" ni mo ń pe ìsàlẹ̀ etí yẹn. Kí ni àwọn onígbàjámọ̀ ń pè é lọ́dọ̀ yín?