Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ẹ̀fẹ̀ kọ́

Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àgbéyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe lórí àwọn comic Spider-Man tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ìwé tí wọ́n ń fi àwòrán sọ ìtàn yẹn, mo sì gbádùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ "ìwé ẹ̀fẹ̀" tẹ́ ẹ ń pe comic látòkè délẹ̀ yẹn, ẹ má bínú, kò gba ọ̀fun mi kọjá.

Kétu ilẹ̀ Benin ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé. Lọ́dọ̀ tiwa, tẹ́ ẹ bá ti ní Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó máa ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án ni, tó gbé igi gbígbẹ́ sórí, á kọrin, á ṣàdúrà, á júbà àwọn ìyá wa, á wá kọrin bú ẹni tó jí ewúrẹ́ ládùúgbò láì dárúkọ ẹ̀, gbogbo wa á sì mọ ẹni tó ń bá wí. Mo sọ fún ìyá mi àgbà níjọ́sí pé mo ra ìwé ẹ̀fẹ̀ fọ́mọ, ó ní orin ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣí i hàn án, ó rí ọkùnrin tó so rọ̀ mọ́ òwú aláǹtakùn lára ilé gogoro, ó ní èwo wá ni ẹ̀fẹ̀ ńbẹ̀.

Ẹ ní àwàdà ni comic. Bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán apanilẹ́rìn-ín inú ìwé ìròyìn làwọn Òyìnbó kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ ọ̀hún ló kàn lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rín ti bá tiẹ̀ lọ. Spider-Man yìí náà, ìtàn àkọ́kọ́ tó ti yọjú ní 1962, olè tóun fúnra ẹ̀ jẹ́ kó sá lọ ló padà wá pa Uncle Ben tó tọ́ ọ dàgbà. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Faransé ní bande dessinée, ọ̀já tí wọ́n yàwòrán sí, kò mẹ́nu ba ẹ̀rín rárá, bédé (B.D., lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì) làwọn ọmọ Àjàṣẹ́ sì ń pè é jẹ́jẹ́ tiwọn.

Èmi ò kọ bédé o, a ṣáà gba ọ̀rọ̀ bíi búrẹ́dì lọ́wọ́ Òyìnbó. Tó bá di dandan ká sọ ọ́ ní Yorùbá, mo fara mọ́ "àwòrán asọ̀tàn" ju "ìwé aláwòrán" lọ, torí ìwé a-b-d náà láwòrán, àmọ́ níbí àwòrán gan-an ló ń rojọ́.

"Ẹ̀dà tuntun" tẹ́ ẹ pe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde náà o: tí mo bá lọ sọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́, fọ́tókópì ni wọ́n máa ṣe fún mi. Ẹ jẹ́ ká ní "ìjáde", ìjáde kẹta, ìjáde kẹrin, bí eégún ṣe ń jáde (èyí ni mo gbà kẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́).

Ó ku róbótó tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́bàá ẹnu. Àwọn ọmọ ilé wa ní fèrè, torí ó jọ fèrè rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ lọ́jọ́ ọdún, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí téèyàn fi ń ronú, tó ní róbótó kéékèèké lábẹ́, ni wọn ò tíì rórúkọ fún. Mo ní "àsọsínú". Ẹ̀yin ńkọ́?