Fọ́tò tí shutter (ìlẹ̀kùn kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ pẹ́: kí ló ń bà á jẹ́?

Bí fọ́tò odò tàbí ti alẹ́ bá jáde ní bàìbàì, ẹ kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fi fílítà ND (gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù) bo lẹ́ńsì kí wọ́n tó focus, ìyẹn kí wọ́n tó mú kí àwòrán hàn kedere. ND1000 ń dín ìmọ́lẹ̀ kù dé ìdá kan nínú 1,000. Nínú òkùnkùn yẹn, autofocus (focus tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀) á kàn máa lọ síwá sẹ́yìn ni.

Ẹ to àwòrán yín tán, ẹ focus, kẹ́ ẹ wá yí lẹ́ńsì sí MF (focus tí à ń fọwọ́ ṣe) kó lè dúró síbẹ̀. Ẹ lo ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ lára tó), f/8 tàbí f/11 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó), àti RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣàtúnṣe). Ẹ ya ọ̀kan wò láìsí fílítà. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá pé ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ sọ àkókò yẹn di ìlọ́po 1,000: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17 nìyẹn. Tó bá jẹ́ ND64 lẹ ní, kò ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ tó rọra yí fílítà wọlé, kí òrùka focus má bàa bá a yí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá lọ sí f/22 torí pé ẹ ò ní fílítà. Ihò lẹ́ńsì á kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ á máa fọ́n ká létí rẹ̀, gbogbo àwòrán á sì rọ̀.

* * *

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé) kún un. Ẹsẹ̀ tó nípọn lókè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fà jáde. Òpó àárín, ẹ má gbé e sókè rárá, atẹ́gùn díẹ̀ ló fi ń mì. Lórí yanrìn, ẹ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dáadáa. Bó bá ń rì díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, àpáta tí kò mì á jáde ní méjì-méjì. Ẹ pa image stabilisation (ohun tó ń dín ìmìtìtì kámẹ́rà kù), torí ó lè máa wá ìmìtìtì tí kò sí, kó sì dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lo rìmóòtù tàbí táímà ìṣẹ́jú àáyá 2. Tó bá jẹ́ DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú), ẹ bo ihò tí à ń yọjú wò, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ wọlé.

* * *

Bó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, Bulb (ètò tí shutter fi ń ṣí sílẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa ní kó padé) ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lò. Sensor (ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) á gbóná, àmì wínníwínní pupa àti búlúù á yọ káàkiri. Ètò kan nínú kámẹ́rà, long exposure noise reduction, ló ń yọ wọ́n: kámẹ́rà á ya àwòrán kejì tí shutter rẹ̀ padé, fún iye àkókò kan náà. Bẹ́ ẹ bá ya ìṣẹ́jú 4, ẹ máa dúró fún ìṣẹ́jú 4 míì. Kámẹ́rà ò bàjẹ́, ẹ má yọ bátìrì. Àmọ́ tó bá jẹ́ ipa ìràwọ̀ (ìlà tí ìràwọ̀ ń fà lójú ọ̀run) lẹ fẹ́ fi àwòrán púpọ̀ tò pọ̀, ẹ pa noise reduction yẹn, torí àkókò ìdúró yẹn á gé ipa náà sí wẹ́wẹ́.

Fún ìràwọ̀ tí kò fà, ẹ fi iye mm lẹ́ńsì (focal length) pín 500, iye ìṣẹ́jú àáyá lẹ máa rí: lẹ́ńsì 20 mm lórí full frame (sensor tó tóbi bíi fíìmù 35 mm), ìṣẹ́jú àáyá 25. Bí sensor yín bá ní pixel (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) púpọ̀, ẹ dín in kù sí 15.

* * *

Fún omi tó ń já láti orí àpáta, mi ò fara mọ́ kí shutter ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 30 rárá. Láti 1/4 ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá 1 ni ìlà omi ṣì ń hàn. Bó bá pẹ́ jù, á di funfun báláú tí kò ní ìrísí. Òkun ló gba kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.